Fàyàwọ́ àti Ìdàlẹ̀: Ọ̀ràn Emilio Varela àti Camelia Ọmọ Texas

Ọkùnrin kan kú nínú ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn ní Hollywood. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀méje. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa débẹ̀, ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n sọ sílẹ̀ ni wọ́n bá. Owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ti wọlẹ̀, obìnrin tó wà pẹ̀lú olóògbé ti wọlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ má wá ọ̀ràn yìí lọ sílé ẹjọ́. Inú orin ló wà. Contrabando y traición ni wọ́n pe orin náà. Ángel González, ọmọ ìpínlẹ̀ Chihuahua ní àríwá Mẹ́síkò, ló kọ ọ́. Ẹgbẹ́ olórin Los Tigres del Norte ló gbé e jáde nínú àwo ní 1974, tó fi di ohun tí gbogbo ayé elédè Sípáníìṣì mọ̀. Orúkọ yẹn ò fún ọmọ Yorùbá ní wàhálà rárá. Contrabando ni fàyàwọ́, traición ni ìdàlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pe òwò náà ní fàyàwọ́ lọ́dọ̀ wa ti rí ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ lójú ara rẹ̀, kí aṣọ́bodè má baà rí i.

Corrido ni wọ́n ń pe irú orin báyìí: orin onítàn, tó ń dárúkọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àti bó ṣe yọrí sí. Akọ́díọ̀nì ló ń ṣíwájú rẹ̀, irú èyí tí I.K. Dairo fi dá jùjú lára lọ́dọ̀ wa, gìtá olókùn méjìlá tí wọ́n ń pè ní bajo sexto sì ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè lè jó sí i níbi ìgbéyàwó láì mọ̀ pé wọ́n ń pààyàn nínú rẹ̀.

Ohùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ orin yìí bá délẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń gbé àwọn tó ń ta oògùn olóró gẹ̀gẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ obìnrin òjòwú ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gbà pé àwọn méjèèjì ti yára dìde kúrò níbi orin. Ẹsẹ mẹ́fà péré ló ní, ìlà mẹ́fà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ìlà 36 lápapọ̀, kò sí ègbè. Ó kéré tó ohun tí èèyàn lè tú wò ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń tú fáìlì ẹ̀sùn, ohun tí mo sì fẹ́ ṣe nìyẹn.

Táyà mẹ́rin

San Ysidro ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan ni lára ìlú San Diego, ní California. Tijuana ti Mẹ́síkò ló dojú kọ ọ́, ibodè tó wà láàárín wọn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibodè orí ilẹ̀ tí èrò ń gbà jù lọ láyé. Olórin sọ pé wọ́n gbéra ní San Ysidro, pé Tijuana ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n ti kọjá ibodè kí olórin tó la ẹnu. Ibi tí àyà olùgbọ́ ìbá ti já, ó fò ó. Orin fàyàwọ́ tí kò bìkítà fún ibodè! Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé ibòmíràn ni olórin ń lọ nìyẹn.

Inú táyà ni wọ́n kó ẹrù sí. Yerba mala ni wọ́n pe ẹrù náà, ìyẹn ewéko burúkú. Igbó ni. Mo fẹ́ràn bí èdè méjèèjì ṣe pàdé níhìn-ín: àwa náà ò wá orúkọ ńlá fún un, a kàn pè é ní igbó, bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé la ti já a. Àwọn elédè Sípáníìṣì tún ní òwe kan pé ewéko burúkú kì í kú. Wọ́n máa ń fi bú èèyàn burúkú tó pẹ́ láyé. Olùgbọ́ tó gbọ́ yerba mala á ti rántí ìyókù òwe náà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà nínú mọ́tò yìí tí kò ní kú.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò rí mọ bí mọ́tò ṣe ń di àpò ìrẹsì, lábẹ́ àga, nínú ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà pàápàá. Ṣùgbọ́n kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún fún igbó kí wọ́n sì tún máa sáré lórí títì fún igba kìlómítà àti lé, bóyá ẹni tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà á ní ìbéèrè díẹ̀ fún olórin. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Orin ni.

Ìparí ẹsẹ kìíní ló dárúkọ wọn: Emilio Varela àti Camelia la Tejana, Camelia ọmọ Texas. Ọkùnrin ní orúkọ, ó ní orúkọ bàbá. Obìnrin ní orúkọ, ó ní ibi tí ó ti wá. Ẹ jẹ́ ká fi èyí náà pamọ́, nítorí òun la máa lò ní San Clemente.

Ìbéèrè ní San Clemente

Ìlú kékeré etí òkun ni San Clemente, láàárín San Diego àti Los Angeles. Nítòsí rẹ̀, lórí títì márosẹ̀ Interstate 5, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìmígíréṣọ̀n ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró. Ó jìnnà sí ibodè tó 106 kìlómítà. Èèyàn á rò pé òun ti bọ́, òun ti wọ àárín ilẹ̀, kó tó bá ẹ̀ṣọ́ pàdé lẹ́ẹ̀kejì.

Bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí wà nínú ìdájọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1976, ọdún méjì lẹ́yìn àwo yìí. Mọ́tò á rọra, ẹ̀ṣọ́ kan á wo ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀, á ní kí èyí tó pọ̀ jù máa lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti máa bi wọ́n léèrè ọmọ ibo ni wọ́n àti ìwé wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ilé ẹjọ́ ní kò pọn dandan kí ẹ̀ṣọ́ ní ìdí kan pàtó tó fi fura sí ẹni tó dá dúró. Lára àwọn ọ̀ràn tí wọ́n pa pọ̀ sínú ẹjọ́ náà ni ti ọkọ̀ kan tí obìnrin méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti fi ayédèrú ìwé gba San Ysidro wọlé, tí ọwọ́ sì tẹ̀ wọ́n ní San Clemente. Ọ̀nà Emilio àti Camelia gan-an nìyẹn. Ẹni tó kọ orin náà lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kó igbó sí táyà, ṣùgbọ́n ó mọ títì.

Nǹkan míì tún wà ní San Clemente lọ́dún wọ̀nyẹn. Ààrẹ Richard Nixon ní ilé ńlá kan sí etí òkun níbẹ̀, tó rà ní 1969. Àwọn oníròyìn ń pè é ní White House ti Ìwọ̀-oòrùn. Oṣù September 1969 yẹn náà ni ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa tú mọ́tò tó bá ń ti Mẹ́síkò wọlé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mọ́tò fi to sẹ́yìn ibodè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní June 1971 ó pe ìlòkulò oògùn ní ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ará ìlú Amẹ́ríkà. Ní August 1974 ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó sì kó padà sí San Clemente. Orin ò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọmọ Mẹ́síkò kan wà ní California lọ́dún náà tó gbọ́ pé táyà mẹ́rin tó kún fún igbó ń gba San Clemente kọjá tí kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ìbéèrè. Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n mú ìwé wọn wá, ó bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n. Ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹni tó ń já èso, tó ń fọ abọ́, tó ń gbé búlọ́ọ̀kù ní California ti bá pàdé rí. Àwọn ọmọ Hernández tí wọ́n dá Los Tigres sílẹ̀ fúnra wọn, ọmọ abúlé Rosa Morada ní ìpínlẹ̀ Sinaloa ni wọ́n, San José ní California ni wọ́n sì ń gbé láti ìparí àwọn ọdún 1960. Àwọn tó ń ra àwo wọn, èrò ọ̀nà yìí ni wọ́n.

Ẹ wá wo ìdáhùn. Orin ní obìnrin náà, ọmọ San Antonio ni. Ó parí síbẹ̀. A ò gbọ́ ohun tí Emilio sọ. San Antonio wà ní Texas, nítorí náà ọmọ Amẹ́ríkà ni Camelia, ẹni tí wọn ò lè dá padà síbì kankan. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ẹnu rẹ̀ ló gbé mọ́tò kọjá. Ẹ̀ṣọ́ ń wá èèyàn, kò wá ẹrù. Ìwé ló wò, kò wo táyà. Ibi tí wọ́n bí Camelia sí ni owó tí Camelia dá sínú òwò náà. Nítorí ìyẹn ni mi ò ṣe gba ẹni tó bá pè é ní ọ̀rẹ́bìnrin tó kàn tẹ̀ lé ọkùnrin rìn. Alájọṣe ni. Láìsí ẹnu rẹ̀, San Clemente ni orin ìbá ti parí.

Àyà àti ọgbẹ́

Ìlà tó tẹ̀ lé ìdáhùn náà ló fún Camelia ní oríkì: una hembra de corazón. Èdè Sípáníìṣì ní mujer fún obìnrin. Hembra ni abo, bí a ṣe ń sọ pé abo ajá, abo ewúrẹ́. Bí wọ́n bá fi pe èèyàn, ìwọ̀sí lè wà níbẹ̀, ìyìn náà lè wà níbẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń pinnu. Corazón sì ni ọkàn. Abo tó ní ọkàn: ó láyà, kò sì le bí òkúta, nǹkan lè dùn ún. Láàárín àwọn onífàyàwọ́, àyà lẹ́rù, àyà lọ́jà. Orin fún Camelia ní tirẹ̀. Kò fún Emilio ní nǹkan kan.

Ẹsẹ kẹta ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni olórin ti dá ìtàn dúró láti bá wa sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ corrido, ìparí ni ẹ̀kọ́ máa ń wà. Níhìn-ín, ẹ̀kọ́ ti dé kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, bí ìyá àgbà tó sọ fún ọmọ kó rọra nígbà tí ọmọ ò tíì sáré. Ó ní irú abo bẹ́ẹ̀, bó bá fẹ́ ọkùnrin, ó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra bí ó bá gbọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tó ṣòro túmọ̀ jù nínú orin náà: la traición y el contrabando son cosas incompartidas.

Incompartidas kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ohun tí èèyàn ń retí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ò lè wà pọ̀, incompatibles. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò bá vida (ẹ̀mí) àti herida (ẹni tó gbọgbẹ́), tó parí ìlà méjì ṣáájú, dún pọ̀, ni akọrin bá fa ọ̀rọ̀ ya, ó mú u láti ara compartir, tó túmọ̀ sí pínpín. Olùgbọ́ wá ń gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Fàyàwọ́ àti ìdàlẹ̀ ò lè gbé inú mọ́tò kan náà. Fàyàwọ́ àti ìdàlẹ̀, ohun tí a kì í pín ni.

Èwo ni òótọ́? Èmi rò pé òwò náà fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Ẹni tó ń ta gaàrí, bí alájọṣe rẹ̀ bá jẹ ẹ́ lówó, ó lè lọ bá ìyálọ́jà, ó lè lọ sí kóòtù. Onífàyàwọ́ ò ní kóòtù. Kò lè gba agbẹjọ́rò kó sọ pé igbó kílò báyìí ni àwọn jọ gbé, ìdá kan ni wọ́n fún òun. Ohun kan ṣoṣo tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ. Àwa ní ilẹ̀ ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ fi ń jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, tí a sì ń sọ pé ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ángel González ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí mo bá ń túmọ̀ orin rẹ̀ fún ẹni tó ti jẹ́ oyè lọ́dọ̀ wa, òwe yìí nìkan ni mo máa pa, tí mo sì máa dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó pa Emilio

Los Angeles, wọ́n dé. Wọ́n kọjá sí Hollywood. Nínú ọ̀nà kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, wọ́n pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi igbó lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba owó. Ìlà mẹ́fà péré ló gba gbogbo rẹ̀. Olórin tó ń gbé òwò oògùn lárugẹ ì bá dúró kọrin níbí pẹ́: owó mélòó, ta ni oníbàárà, báwo ni wọ́n ṣe gbọ́n tó. Kò sọ ìkankan. Iṣẹ́ ti parí, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tí wọ́n mú.

Ni Emilio bá sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn. Ó ní: lónìí, hoy te das por despedida. Pẹ̀lú ìpín tó kàn ọ́, o lè tún ayé rẹ ṣe. Èmi ń lọ sí San Francisco lọ bá ẹni tó ni ayé mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí despedida. Ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ìdágbére. Ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ń lé òṣìṣẹ́ kúrò níbi iṣẹ́. Bí olólùfẹ́ bá ń sọ ọ́, ìpínyà ni. Bí ẹni tó ń san owó bá ń sọ ọ́, ìyọnilẹ́nu-iṣẹ́ ni. Emilio ń fi owó lé e lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin tó jókòó tì í láti Tijuana, tí ìbí rẹ̀ gbà wọ́n là ní San Clemente, gbọ́ lójijì pé lébìrà ni òun. Alájọṣe kì í gba ìwé ìlélọ lọ́wọ́ alájọṣe. Wọ́n jọ ń pín ni.

Ó tún ní nǹkan tí àwọn tó ti gbọ́ corrido púpọ̀ máa kíyè sí. Despedida tún ni orúkọ ẹsẹ tí corrido àtijọ́ fi máa ń parí, níbi tí akọrin ti ń dágbére fún àwọn èèyàn, tó ń ní kí ẹyẹ àdàbà gbé ìròyìn lọ. Orin yìí ò ní irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dágbére fún wa. Ẹnu Emilio ni ìdágbére orin náà wà, kò sì mọ̀ pé ti ara òun ni òun ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni vida. Yorùbá ní ẹ̀mí, ó ní ayé. Sípáníìṣì fi vida ṣe méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá níbi ìparí ìlà. Lákọ̀ọ́kọ́, obìnrin yìí lè fi vida rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ọkùnrin. Lẹ́ẹ̀kejì, Emilio ní kó lọ tún vida rẹ̀ ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, Emilio ń lọ bá ẹni tó ni vida òun. Dueña ni ọ̀rọ̀ tó lò fún obìnrin San Francisco, ọlọ́jà, onílé, ẹni tó ni nǹkan. Lọ́dọ̀ wa obìnrin ló ń pe ọkọ ní olówó orí mi. Níhìn-ín ọkùnrin ló ń sọ pé obìnrin ló ra òun, ẹni tó sì ń sọ ọ́ fún ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí tirẹ̀ wewu. Mi ò sọ pé owú ò sí níbẹ̀. Orin fúnra rẹ̀ ti sọ pé kí a ṣọ́ra fún ọgbẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbólóhùn kan náà ni Emilio fi já ìfẹ́ àti òwò, kò sì sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ nínú ohun tó tẹ̀ lé e.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀méje. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ oníyípo, ọta mẹ́fà ló ń gbà, Colt.45 tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ló ń gbé méje nínú àpò ọta rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó yìn ín títí tó fi tán, ìdí nìyẹn tó fi jù ú sílẹ̀. Ọlọ́pàá rí ìbọn náà nìkan. Ní San Clemente, ìjọba wá, ó wo ìwé, kò rí igbó. Ní Hollywood, ìjọba wá, ó rí ìbọn, kò rí owó, kò rí Camelia. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin wọ inú orin yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ò sí. Ẹjọ́ tí wọ́n dá nínú rẹ̀, àwọn méjì tó wà nínú mọ́tò ló dá a.

Camelia kó gbogbo owó lọ, ẹ má gbàgbé. Kì í ṣe ìpín tirẹ̀.

Ìbọn tó ti wà ṣáájú

Kì í ṣe Camelia ló kọ́kọ́ mú fàyàwọ́ wọ corrido. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí láti 1920 sí 1933, wọ́n kọrin nípa àwọn tó ń gbé tequila kọjá odò sí Texas, wọ́n sì kọrin nípa bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ìbọn ìléwọ́ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní June 1901, ní Texas, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Gregorio Cortez yìnbọn pa ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá àgbègbè náà, lẹ́yìn tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sódì: wọ́n bi í bóyá ó ṣe pàṣípààrọ̀ akọ ẹṣin, abo ẹṣin ni òun sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ó ní rárá, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Corrido rẹ̀ fi í hàn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, tó ń sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀tá ẹni tó di ìbọn mú nígbà náà ni ṣẹ́rífù. Camelia yí ìbọn náà padà sínú mọ́tò.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Los Tigres gbé La banda del carro rojo jáde, iṣẹ́ Paulino Vargas, nípa àwọn tó gbé kokéènì ọgọ́rùn-ún kílò tí ọlọ́pàá sì dí mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Lino Quintana ti kú níbẹ̀, ṣẹ́rífù ń retí kó jẹ́wọ́, ó sì dáhùn pé òun ò mọ orin kọ. Lẹ́nu àwọn elédè Sípáníìṣì, kí ọ̀daràn kọrin ni kó tú àṣírí fún ọlọ́pàá. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹrù Lino bọ́, ẹ̀mí rẹ̀ bọ́, kò dalẹ̀. Ẹrù Emilio dé láìfara pa. Ẹni tó bá sọ pé ẹrù ni àwọn orin wọ̀nyí ń kà, kó tún un kà.

Àwọn tó ń wá Camelia

Ángel González sọ pé òun ló hun ìtàn náà, pé kò sí Camelia bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Los Tigres fúnra wọn tún kọ orin pé wọ́n ti rí Camelia, wọ́n kọ òmíràn nípa ọmọ Camelia. Sinimá jáde ní 1977. Gabriela Ortiz, obìnrin ọmọ Mẹ́síkò kan tó ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn òṣèré, fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe. Ní 2014 ó di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dọ̀ ìjọba ní tirẹ̀, òfin ni wọ́n ń ṣe: ìpínlẹ̀ Sinaloa ní 2011 ní kí wọ́n má kọ irú orin bẹ́ẹ̀ nílé ọtí mọ́, ìlú Chihuahua sì fòfin de Los Tigres ní 2012 lẹ́yìn òde kan tí wọ́n ti kọ corrido oníṣòwò oògùn. Ìpínlẹ̀ ẹni tó kọ Camelia nìyẹn.

Mo lóye ìdí tí àwọn ìjọba náà fi bínú. Lẹ́yìn Camelia, owó wọ inú corrido. Àwọn ọ̀daràn ń sanwó kí wọ́n lè kọrin kì wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa Chalino Sánchez, ẹni tó fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́, ní Culiacán, ìpínlẹ̀ Sinaloa, ní 1992. Ṣùgbọ́n nínú orin 1974, kò sí ọ̀gá oògùn kankan tí wọ́n kì. Èèyàn méjì àti mọ́tò kan ni.

Àti obìnrin kẹta, tí kò ní orúkọ. San Francisco jìnnà sí Hollywood tó ẹgbẹ̀ta kìlómítà. Dueña wà lọ́hùn-ún, kò gbé igbó, kò yìnbọn, kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ibo ni. Bóyá ó ti se oúnjẹ. Ọlọ́pàá ò mọ̀ pé ó wà, orin náà ò sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti sọ fún un pé Emilio ò ní lè wá mọ́.